Ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀kadà tó ń rì: ṣé ọ́ìlì ni àbí sípíríǹgì?

Ọlọ́kadà kan ní Ọ̀bántokò, ní Abẹ́òkúta, béèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Boxer 150 ni mò ń gùn, òun ni mo fi ń jẹun. Ọ̀nà Àlàbàtà ni mo sábà máa ń ná, mo sì máa ń gbé àpò gààrí láti Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ wọ Kútọ̀ ní ọjọ́ ọjà. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ti sú mi. Tí mo bá tẹ bíréèkì, orí ọ̀kadà á wọlẹ̀. Tó bá bọ́ sí gálọ́ọ̀pù, á dún gbàmù, irin á kan irin. Mẹkáníìkì mi ní kí n jẹ́ kí òun da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50 sí i kó lè le. Ẹnì kan ní sípíríǹgì ni kí n pààrọ̀. Ẹnì kan tún ní kí wọ́n kàn fi wáṣà tì í lórí. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo ni ká mú?

* * *

Àbúrò, má tíì mú ọ̀kankan. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti ń dàrú.

Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Ìwọ, èrò ẹ, ẹ́ńjìnnì, gààrí, òun ló gbé gbogbo yín dúró. Ọ́ìlì kì í gbé nǹkan kan. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì sáré jù nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára. Inú ihò yẹn ni ọ́ìlì ń gbà kọjá, wàhálà tó ń rí kó tó kọjá ló ń mú kí ṣọ́ọ̀kì rọra rìn. Tí ṣọ́ọ̀kì bá dúró sójú kan, ọ́ìlì ò níṣẹ́ kankan.

Torí náà, tí orí ọ̀kadà bá ti rì jù nígbà tó o kàn jókòó lé e, tó ò tíì kúrò ní páàkì, kò sí ọ́ìlì tó máa gbé e dìde. Sípíríǹgì ni kó o bá wí. Ṣùgbọ́n tó bá dúró dáadáa, tó wá jẹ́ pé lẹ́yìn bọ́ǹpù kan ṣoṣo ó ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dákẹ́, ọ́ìlì ló ti gbó tàbí tó ti jò tán.

Ìró gbàmù tó o sọ yẹn náà, tẹ́tí sí i dáadáa. Tẹ bíréèkì iwájú mọ́lẹ̀, kó o wá máa ti ọ̀kadà síwájú sẹ́yìn. Tó bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ ní ọrùn háńdù, kọ́ọ̀nù, ìyẹn bẹ́ríǹgì inú ọrùn yẹn, ló ti tú, ṣọ́ọ̀kì ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

* * *

Ẹnì kan tó ka ìdáhùn yìí kọ̀wé pé báwo ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó "rì jù," pé ojú lásán ò lè wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni, ẹ lo tépù.

Gbé iwájú ọ̀kadà sókè títí táyà á fi kúrò nílẹ̀. Ká rọ́bà sókè tó bá wà lára ọ̀pá dídán, kó o wọn bí ọ̀pá yẹn ṣe gùn tó láti ẹnu síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) títí dé ibi tí wọ́n há a mọ́ lókè. Gbé e sílẹ̀. Jókòó lé e pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti àṣíborí ẹ, kí ẹnì kan dì í mú, kó o gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, kí wọ́n tún un wọ̀n. Ohun tó fi dín ni bó ṣe rì tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí à ń gùn nílùú yìí, ṣọ́ọ̀kì iwájú wọn máa ń rìn tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 12. Kó rì ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn 3.5 sí 4, ló dáa. Tó bá ti ju 5 lọ, sípíríǹgì ti rẹ̀ ẹ́ tàbí kó jẹ́ pé ẹrù ẹ ju agbára ẹ̀ lọ. Tí kò bá tó 2.5, ó ti le jù, apá ló máa sọ fún ẹ lálẹ́.

Lẹ́yìn náà, so rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó mọ́ ọ̀pá yẹn pẹ́kípẹ́kí, kó o rọra tì í wálẹ̀ kó kan ẹnu síìlì. Gun ọ̀kadà lọ sí ibi iṣẹ́ ẹ bó o ṣe máa ń gùn ún. Tó o bá padà dé, ibi tí rọ́bà bá dúró sí ni ibi tí ṣọ́ọ̀kì wọlé dé. Tó bá ti rìn dé òpin ìrìn ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 12 yẹn, irin ń kan irin lóòótọ́.

* * *

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Láfẹ́ńwá bínú sí mi: "Láti ayé Honda CG125 la ti ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ṣọ́ọ̀kì. Kí ló ṣe é? Ẹ̀yin oníwèé yìí, ẹ ò ní pa wá."

Ọ̀gá, ẹ má bínú. N ò sọ pé á bú gbàmù. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ rò pé ó ń ṣe ló ń ṣe.

Ẹ wò ó báyìí. Bí ọ́ìlì ṣe ki tó, nọ́ńbà wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n nígbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n 40 Celsius. Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ 10W sí lára sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 30 sí 40 lórí òṣùwọ̀n yẹn. Ọ́ìlì jíà ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra ẹ̀, èyí tó pupa yẹn, wà ní nǹkan bíi 35. 20W-50 ń kọ́? Nǹkan bíi 150 lọ sókè! Ó ki ju ohun tí wọ́n ṣe ihò yẹn fún lọ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ihò yẹn kì í sì í fẹ̀ sí i. Ní irú ṣọ́ọ̀kì tó wà lára Boxer àti CG, tí ṣọ́ọ̀kì bá fi ìlọ́po méjì yára, agbára tí ọ́ìlì fi ń dènà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká mú un dé ojú títì. Téèyàn bá tẹ bíréèkì nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ìtòkú, ṣọ́ọ̀kì ń rọra wọlé ni, ọ́ìlì ò rí nǹkan gidi dì mú níbẹ̀. 20W-50 á kàn jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó rì, ṣùgbọ́n ibi tó ń lọ náà ló máa dé. Tó bá wá bọ́ sí etí kòtò tó mú ṣáṣá, ṣọ́ọ̀kì fẹ́ wọlé kíákíá, ọ́ìlì kíki ò jẹ́, gbogbo ìgbá yẹn á wá gba háńdù bọ́ sí ọrùn ọwọ́ yín. Ibi tí ẹ ti fẹ́ líle, kò le. Ibi tí ẹ ti fẹ́ rírọ̀, ó le bí òkúta.

Èyí tó tún burú jù ni ojú ọ̀nà tí gálọ́ọ̀pù tẹ̀ lé ara wọn, bíi ọ̀nà Ráúńdà sí Ayétòrò. Ṣọ́ọ̀kì wọlé ní gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, ọ́ìlì kíki ò jẹ́ kó tètè jáde, ìkejì ti dé, ó tún wọlé sí i, ìkẹta dé. Nígbà tó bá fi máa dé ìkarùn-ún kò sí ibi tó fẹ́ wọ̀ mọ́. Ẹni tó wà lórí ẹ̀ á sọ pé ṣọ́ọ̀kì òun ò lágbára, á ní kí wọ́n tún da èyí tó ki jù bẹ́ẹ̀ sí i.

* * *

Nípa àwọn tó ń da ọ́ìlì bíréèkì sí i: ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Rọ́bà síìlì ṣọ́ọ̀kì àti rọ́bà inú bíréèkì kì í ṣe ìran kan náà. Ọ́ìlì bíréèkì á mú kí síìlì ṣọ́ọ̀kì wú, á rọ̀, á sì máa jò. Tó bá tún kán sára ọ̀dà, ọ̀dà á bó. Mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí.

* * *

Kí ni ká wá dà? Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì gan-an ló dáa jù, 10W tàbí 15W, bí ìwé ọ̀kadà ẹ bá ṣe sọ. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà W yẹn ṣá o. Àwọn ilé-iṣẹ́ ò fi ẹnu kò lé e; 10W ti ilé-iṣẹ́ kan lè ki ju 15W ti ilé-iṣẹ́ míì lọ. Tó o bá ti rí èyí tó bá ọ lára mu, má pààrọ̀ orúkọ rẹ̀.

Bí ò bá sí lọ́jà, tàbí tí ò bá dá ẹ lójú pé ojúlówó ni, ọ́ìlì háídírọ́líìkì tí wọ́n ń lò fún katapílà àti ẹ̀rọ ńláńlá ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà ara agolo rẹ̀ kì í parọ́: 32, 46, 68 tí wọ́n kọ síbẹ̀, bó ṣe ki tó ní ìwọ̀n 40 gan-an nìyẹn. 32 sún mọ́ 10W. 46 wà láàárín. 68 ni wọ́n máa ń rọ́ wá jù, ó sì ki jù fún ẹni tó ń dá gùn. Tó o bá rí 32 àti 68 ti ilé-iṣẹ́ kan náà, dà wọ́n pọ̀ ní dọ́gbadọ́gba, wàá rí ohun tó sún mọ́ 46.

Má sì kàn máa dà á láìwọ̀n. Sìríńjì ńlá tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ni kó o fi wọ̀n ọ́n, kí ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, ọ̀tún àti òsì, gba iye kan náà tí ìwé ọ̀kadà sọ. Lẹ́yìn náà, yọ sípíríǹgì, ti ọ̀pá wọlé pátápátá, máa fà á sókè sódò títí afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì á fi jáde, kó o wá ki tépù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ orí ẹ̀ wo ibi tí ọ́ìlì dé. Kí méjèèjì dọ́gba. Afẹ́fẹ́ tó kù lókè ọ́ìlì yẹn pàápàá ń ṣe bí sípíríǹgì: tí ṣọ́ọ̀kì bá wọlé, afẹ́fẹ́ á fún pọ̀, bó bá ṣe ń sún mọ́ òpin ni á máa le sí i. Ẹni tó bá ń gbọ́ gbàmù díẹ̀díẹ̀ lè da ọ́ìlì sí i títí ojú ọ́ìlì á fi gòkè ní mìlímítà 10 péré, kó sì rí ìyàtọ̀. Ẹni tó bá kún un dé ọrùn, síìlì rẹ̀ ló máa fò jáde. Irú ẹ̀ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

* * *

Ọ̀rọ̀ wáṣà ló mú ariwo wá jù. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ kọ̀wé pé wáṣà mẹ́rin-mẹ́rin, tàbí páìpù omi tí wọ́n gé, ti mú kí ṣọ́ọ̀kì yín le.

Kò mú un le. Ó gbé ọ̀kadà sókè ni. Ká ní sípíríǹgì ẹ ń fẹ́ kílò 5 kó tó fún pọ̀ ní sẹ̀ńtímítà 1. Fi páìpù tì í lórí ní sẹ̀ńtímítà 2, kílò 5 náà ló ṣì máa fẹ́ fún sẹ̀ńtímítà kọ̀ọ̀kan tó bá tún fẹ́ wọlé. Ohun tó yí padà ni pé ó ti ní kílò 10 nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀kadà á dúró sókè díẹ̀, á sì rí àyè díẹ̀ sí i kó tó kan ìdí. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń tu èèyàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

N ò bú wáṣà o. Tí sípíríǹgì ṣì lágbára tó sì kàn ti kúrú díẹ̀ nítorí ogbó, páìpù sẹ̀ńtímítà 1 tàbí 1.5 lè dá ìrì padà sí ibi tó yẹ, owó táṣẹ́rẹ́ sì ni. Gé e kí ojú méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, fi wáṣà sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí sípíríǹgì má baà jẹ páìpù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tì í ní sẹ̀ńtímítà 4, ọ̀kadà rẹ̀ ò ní í rì rárá, tí táyà bá bọ́ sí kòtò ṣọ́ọ̀kì ò ní rí ibi tó máa nà wọ inú rẹ̀, táyà á wà lókè lófo. Ẹ sì rántí pé sípíríǹgì kì í jẹ́ kí wọ́n fún un kọjá ibi tí ìká rẹ̀, ìyẹn irin rẹ̀ tó yí po, ti kanra.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀: nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì yẹn, sípíríǹgì ń tì í látinú. Tú u díẹ̀ nígbà tí ọ̀pá ṣì há mọ́ ibi tó wà, má sì gbé ojú sórí ẹ̀.

* * *

"Ṣé mo lè pààrọ̀ sípíríǹgì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kí n fi èkejì sílẹ̀ dìgbà tí owó bá dé?"

Ó ṣeé ṣe, n kì í fẹ́ ẹ. Agbára sípíríǹgì méjèèjì ni táyà ń rí pa pọ̀, torí áṣílì, irin tó gba àárín táyà kọjá, so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Ilé-iṣẹ́ Showa tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì tiẹ̀ ṣe irú ṣọ́ọ̀kì kan fún ọ̀kadà eré ìje tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ló ní sípíríǹgì, èkejì ló ń ṣe iṣẹ́ ọ́ìlì. Àmọ́ ọ̀pá ibẹ̀ nípọn, áṣílì ibẹ̀ nípọn. Tiwa tẹ́ẹ́rẹ́.

* * *

Ẹnì kan ní wẹ́dà òun ní Adátán gé sípíríǹgì fún òun, ó sì le lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kó le. Ìká tó ń ṣiṣẹ́ bá dín, sípíríǹgì á le. Tó bá ní ìká 50, tó o gé 5 kúrò, á fi nǹkan bíi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. O máa wá fi páìpù dí gígùn tó o gé kúrò. Ayùn ni kó o fi gé e ṣá, má jẹ́ kí wẹ́dà fi iná sí i. Ibi tí iná bá ti kàn, irin yẹn á pàdánù líle rẹ̀, láàárín oṣù díẹ̀ á ti tẹ̀ síbẹ̀. Ẹnu ibi tó o gé yẹn, yí i sí òkè kó dojú kọ wáṣà, má kọjú ẹ̀ sísàlẹ̀ níbi tó ti lè máa ha irin inú.

Tó bá jẹ́ sípíríǹgì tuntun lo fẹ́ rà, ìnípọn wáyà ni kó o fojú sí ju gígùn lọ. Wáyà ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kí wáyà fi ìdá 10 péré nínú ọgọ́rùn-ún nípọn sí i, bíi láti mìlímítà 4 sí 4.4, kí ìyókù má yí padà, sípíríǹgì á fi ìdá 46 le sí i. Ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n bá pè ní "hẹ́fí dúútì" fún ẹ ní ọjà, tó o kàn fi ọwọ́ mú tó o ní ó dà bí èkejì, fi lè sọ ọ̀kadà di pákó. Gbé kálípà, irin tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn, wọn wáyà àtijọ́ àti tuntun kó o tó sanwó.

* * *

Ẹ jẹ́ ká yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé ṣọ́ọ̀kì àwọn le, táyà ló le. Fọkanáísà á gbé ẹnu páǹpù sí i títí ọwọ́ á fi dùn ún, á ní "ó ti dáa, ọ̀gá." Wo iye tí ìwé ọ̀kadà sọ kó o tó gbé sípánà.

Síìlì tó ń jò náà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ síìlì tó ti kú. Eruku pupa ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá máa ń há sí ẹnu rẹ̀. Ká rọ́bà eruku sókè, gé fíìmù X-ray àtijọ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, ki í bọ ààrin síìlì àti ọ̀pá, yí i po lẹ́ẹ̀kan, kó o nu ìdọ̀tí tó bá bá a jáde. Tó bá ṣì ń jò, fi èékánná wo ara ọ̀pá. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ tó ń ha èékánná, síìlì tuntun tó o bá fi síbẹ̀ á tún ya láìpẹ́. Fi sáńpépà tó kúnná jù lọ pẹ̀lú ọ́ìlì rọra fá ibẹ̀, tàbí kó o wá ọ̀pá míì.

* * *

Oníbèéèrè padà dé:

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe é. Ó rì ní 5.5 nígbà tí mo jókòó lé e. Rọ́bà ti rìn dé òpin kí n tó dé Káńpù. A tú ọ́ìlì àtijọ́: ẹsẹ̀ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan, ti òsì dúdú, ó ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́. Mẹkáníìkì mi ní òun ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni wọn ìrì rí.

* * *

Òórùn yẹn, ti ọ́ìlì tó ti gbó ni. Àbúrò, bí owó ẹ ṣe mọ yìí, síìlì ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ọ́ìlì ni kó o kọ́kọ́ sanwó fún. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ ọ́ìlì láti ọjọ́ yìí, òun náà sì ń ṣe é pẹ̀lú ìdọ̀tí. Fi kẹrosíìnì fọ inú méjèèjì, jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Da 46 sí i, torí pé ẹrù lò ń gbé. Nígbà tó o bá ń dé e padà, wọn gígùn sípíríǹgì méjèèjì kó o fi wé iye tí ìwé sọ pé kó o jù wọ́n nù. Tí wọn ò bá tíì kúrú dé ibẹ̀, páìpù sẹ̀ńtímítà 1.5 á dá ìrì ẹ padà sí 4. Tí wọ́n bá ti kúrú jù bẹ́ẹ̀, páìpù á kàn bá ẹ sún un síwájú ni, máa tọ́jú owó sípíríǹgì tuntun.

Lẹ́yìn tó o bá dé e, tẹ iwájú mọ́lẹ̀ gidi kó o fi sílẹ̀. Kó dìde lẹ́ẹ̀kan, kó dúró. Tó bá ń rọ́ dìde bí ẹni tí oorun ń kùn, 46 ti ki jù nìyẹn, padà sí 32.

Gààrí Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ yẹn ń kọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lò ń dì í sí, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe iwájú. Òrùka tó wà nídìí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, yí i sókè ní ìpele kan tàbí méjì lọ́jọ́ ọjà, kí ọ̀tún àti òsì wà ní ipele kan náà, kó o sì dá a padà lọ́jọ́ tó o bá ń dá gùn ún. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orí táǹkì lò ń gbé àpò kan lé, bí mo ṣe ń rí wọn lójú ọ̀nà Kútọ̀ yẹn, wọn ìrì náà pẹ̀lú àpò lórí táǹkì, torí iwájú ló máa jẹ ìyẹn.